Ọrun Oníkẹ̀kẹ́ Fúnmi àti Abẹ́rẹ́ Márùn-ún Rẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni Fúnmiláyọ̀ gbé ọrun tuntun rẹ̀ wọ pápá wa ní Ìdímù, láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò sì ti balẹ̀ mọ́. Inú àpótí dúdú ni ó gbé e sí, àpótí tí wọ́n fi tìmùtìmù rírọ̀ tẹ́ nínú bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ́ ibùsùn fún ọmọ tuntun. Bí ó ti ṣí i ni gbogbo àwọn ọmọ tí mo tò sórí ìlà fún ẹ̀kọ́ sáré lọ bá a. Mo di ọrun onígi tèmi mú lọ́wọ́, mo sì dúró níwájú ìlà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí láti ìgbà èwe mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Gowon Estate ni mo ti sọ di ilé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbé mi wá sí Èkó. Nínú gbogbo eré ìdárayá, ọfà títa ni mo yàn láàyò, nítorí kò fi àyè gba ariwo. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìdímù, ó sì yọ̀ǹda ẹ̀yìn pápá wọn fún wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọ̀gbẹ́ni Mùftáù, káfíńtà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé náà, ni ó kan pátákó tí a ń ta ọfà sí. A ra àpò ìrẹsì ní Ṣáṣá, a ki àkísà sínú wọn títí wọ́n fi le, a so wọ́n mọ́ pátákó náà, a sì lẹ ìwé olóbìírípo mọ́ iwájú wọn. Àárín ìwé yìí pọ́n bí èso ìyeyè, nítorí náà ìyeyè ni a ń pè é. Inú ìyeyè ni gbogbo ọfà ń wá.

Mo ṣáájú Fúnmi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti í di ọrun mú, òun náà sì ń bá mi kọ́ àwọn ọmọ ní pápá. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ ní Kánádà, ó lọ bá a wẹ ọmọ. Ìgbà tí yóò sì fi padà dé, ọkọ ọmọ rẹ̀ ti ra ọrun oníkẹ̀kẹ́ fún un. Mo pè é ní oníkẹ̀kẹ́ nítorí àwọn kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, tí ọsán, ìyẹn okùn ọrun, ń gba ara wọn kọjá. Bí ènìyàn bá ti fa ọsán náà dé ìdí, wíwúwo rẹ̀ a dínkù lọ́wọ́, débi pé àgbàlagbà obìnrin lè dúró pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kí ó sì wo ibi tí ó fẹ́ ta dáadáa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ni ó gún mi lọ́kàn. Ìfojúsùn, ohun tí a fi ń wo àmì, tí wọ́n dè mọ́ ara ọrun náà ni. Òrùka kan ni, tí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín márùn-ún yọrí sínú rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, tí imú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń tàn: aláwọ̀ ewé lókè, pupa tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ òkè ni ti ibi tí kò jìnnà. Bí àmì bá ṣe ń jìnnà sí i ni a ó máa lo àwọn tí ó wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n rán mi lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan níbi tí wọ́n ti fi irú ìfojúsùn bẹ́ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo tò ó, mo ń yí abẹ́rẹ́ rẹ̀ títí ọfà fi bá àárín àmì. Olùkọ́ wa wo pátákó, ó wo mí, ó ní, “Ìyáàfin, ọwọ́ yín mọ iṣẹ́ yìí.” Mo padà sí ilé-ìwé mi, mo béèrè fún ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, mo sì tún béèrè. Kò dé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí yóò wá dé pápá tèmi wàyí, ọwọ́ Fúnmi ni ó bá dé.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ di Màmá Kánádà. Èmi tí mo dá pápá sílẹ̀, Màmá Ìlà ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé “Ẹ padà sórí ìlà” ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu mi jù.

Mo lè fara da ìyẹn. Ohun tí n kò lè fara dà ni ọ̀rọ̀ ọfà ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdọọdún ni a máa ń pe àwọn òbí wá wo ìdíje àwọn ọmọ, èmi ni mo sì máa ń ta ọfà tí ó ṣí ìdíje náà. Mo máa ń wọ aṣọ funfun, gbogbo pápá a sì dákẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá ilé-ìwé wá bá wa lábẹ́ igi.

“Ẹ̀yin màmá wa,” ó ní, “mo ti rí ọrun tuntun yẹn o. Ẹ jẹ́ kí Màmá Kánádà bá wa ta ọfà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Àwọn òbí máa gbádùn ẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin náà, Màmá, ẹ sinmi díẹ̀.”

Mo ní, “Ta ni ó sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Bí ó ti ń lọ ni ó yíjú padà: “Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ọfà kankan má kọjá pátákó o. Àwọn aládùúgbò ti ń ráhùn. Bí ọfà kan bá fò jáde lọ́jọ́ yẹn pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ pápá parí nìyẹn.”

Ní Sátidé tí ó ṣáájú ìdíje, Fúnmi dúró sórí ìlà láti gbára dì. Kò tíì bá ìfojúsùn rẹ̀ ṣe ohunkóhun láti ìgbà tí ó ti dé. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ni ó tò ó ní Kánádà, fún ojú ara rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ òkè sórí ìyeyè, ó ta á. Ọfà náà lọ sí òsì, ó sì ga. Ó yọ irin kékeré onígun mẹ́fà tí a fi ń yí ìṣó ìfojúsùn, ó sún òrùka náà sí ọ̀tún, ó sì rẹ abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Ó tún ta á. Ọfà náà lọ sí òsì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì tún ga sí i. Ó tún yí i sí ọ̀tún.

Mo ní, “Fúnmi, òdìkejì ni ò ń yí i.”

“Sístà Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.”

“Mo ní òdìkejì ni. Bí ó bá lọ sí òsì, sún un sí òsì.”

Ọ̀gbẹ́ni Mùftáù, tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bú sẹ́rìn-ín. “Háà, Ìyá Èkìtì! Ọfà lọ sósì, ẹ tún ní kó máa lọ sósì? Ẹ rọra o. Owú ọrun yìí fẹ́ pa yín, àbí kí ló dé?”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Fúnmi náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí ó dùn mí ni pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Owú ń jẹ mí, Fúnmi sì ń yí i sí òdìkejì. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti èkejì.

Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa má baà rò pé òmùgọ̀ ni Fúnmi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lórí ọrun onígi tí kò ní ìfojúsùn, bí ọfà bá lọ sí òsì, a ó kọjú ọfà tí ó tẹ̀lé e sí ọ̀tún díẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ọ nìyẹn, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ọwọ́. Bí o bá sún abẹ́rẹ́ sí òsì, apá rẹ ní láti gbé gbogbo ọrun lọ sí ọ̀tún kí abẹ́rẹ́ náà tó tún lè bá àmì. Nítorí náà, ibi tí ọfà bá lọ ni a ń gbé abẹ́rẹ́ tẹ̀lé e: ó lọ sókè, a gbé e sókè, ó lọ sí òsì, a gbé e sí òsì.

Fúnmi tún ta á. Ọfà náà fò kọjá lórí pátákó, ó gún fẹ́ǹsì pákó tí ó wà lẹ́yìn ní òkè pátápátá. Díẹ̀ ni ó kù kí ó wọ àgbàlá àwọn ẹlòmíràn. Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo pápá máa ń dákẹ́ fún ọfà ìbẹ̀rẹ̀ mi tẹ́lẹ̀.

Fúnmi rìn wá bá mi. Ó na ọrun náà sí mi. “Sístà mi,” ó ní, “ẹ gbà á. Ẹ bá mi tò ó.”

Mo gba ọrun náà àti irin onígun mẹ́fà rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́nu mi kò yẹ kí àwọn ọmọ gbọ́. Mo dúró sórí ìlà tí ó sún mọ́ pátákó jù, mo ta ọfà mẹ́ta. A kì í fi ọfà kan ṣoṣo yí ìfojúsùn, nítorí ọfà kan lè jẹ́ àṣìṣe èémí lásán. Ibi tí mẹ́ta bá kó ara wọn jọ sí ni a ń wò. Mo tú ìṣó, mo sún òrùka náà, mo sì dè é padà. Mo ta mẹ́ta mìíràn. Mo gbé abẹ́rẹ́ òkè sókè níwọ̀n bí èékánná. Nígbà tí mo tún ta á, ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró nínú ìyeyè, wọ́n fara kan ara wọn.

“Ìyá Èkìtì!” Ọ̀gbẹ́ni Mùftáù ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. “Ẹ dárí jì mí o. Mi ò mọ̀ pé báyìí lẹ ṣe ń ta á.”

Mo rántí ohùn olùkọ́ wa àtijọ́. Ní àkókò yẹn, ọrun náà jẹ́ tèmi.

Mo gbé e fún Fúnmi. Ó ta mẹ́ta. Wọ́n kó ara wọn jọ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ga ju ìyeyè lọ, wọ́n sì wà ní ọ̀tún. Èmi a máa fa ọsán dé igun ẹnu. Àgbọ̀n ni òun máa ń fà á dé, ó sì ń wo àmì láti inú ìwò, ihò kékeré tí ó wà lára ọsán. Ojú mi ni mo tò ó fún, kò sì bá ojú tirẹ̀ mu.

“Ṣé ẹ rí i?” Ọ̀gbẹ́ni Mùftáù ní. “Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ta ọfà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Ẹ yá ọrun lọ́wọ́ wọn ṣá, kẹ́ ẹ ta á. Ó tán!”

Mo ti ro ohun kan náà kí ó tó sọ ọ́. Mo wo Fúnmi. Ó wo ilẹ̀.

“Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń retí fídíò, Sístà mi,” ó ní. “Mo ti sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n fún yín, n ó fún yín.”

Mo fẹ́ kí ó fún mi. N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í gba ọrun lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́, pàápàá tí ọfà rẹ̀ ti ń kó ara wọn jọ tán, tí ó ku kí a tọ́ wọn sọ́nà nìkan.

“Dúró sórí ìlà,” mo ní. “Gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú. Má wo ojú mi, àmì ni kí o wò.”

Ó ta á. Mo sún òrùka sí ọ̀tún. Ó ta á; mo gbé abẹ́rẹ́ sókè. Bí mo ṣe ń yí i ni ọrun náà ń kúrò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí abẹ́rẹ́ òkè jókòó tán, a sún sẹ́yìn lọ sí ìlà kejì, mo to abẹ́rẹ́ pupa, a sì tún sún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tí ó kẹ́yìn. Nígbà tí a parí, ọfà Fúnmi wà nínú ìyeyè láti ibikíbi tí ó bá dúró sí, èmi sì mọ̀ pé bí mo bá gba ọrun náà ta, àkísà ẹ̀gbẹ́ ìwé ni ọfà mi yóò lọ gún. Mo ti tò ó débi pé kò wúlò fún mi mọ́.

Ní ọjọ́ ìdíje, Fúnmi wọ aṣọ funfun. Ó fà á, ó dúró, ó ta á. Ìyeyè! Àwọn òbí dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Ibẹ̀ ni ó parí ọpẹ́ rẹ̀ sí. Èmi náà pàtẹ́wọ́, níwọ̀nba. Ọ̀gbẹ́ni Mùftáù yọjú wò mí láti ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú mi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Wọn kò lé wa kúrò ní pápá. Ọ̀gá ilé-ìwé tilẹ̀ fi kún ìlà tí a ń lò.

Láìpẹ́ yìí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Gowon Estate, mò ń mu tíì, nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan kan géètì. Fúnmi ni, ó gbé àpótí dúdú rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ káàárọ̀, Sístà mi. Ọkọ ọmọ mi fi ọfà tuntun ránṣẹ́. Wọ́n wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí,” mo ní. “Bí ọfà bá ti yàtọ̀, ìtò náà yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ márààrún ni a ó tún tò.”

“Mo fẹ́ dá a ṣe nílé, mo ti mọ bí a ṣe ń tẹ̀lé ọfà báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò rí irin onígun mẹ́fà yẹn. Mo ti tú gbogbo ilé.”

“Inú àpamọ́wọ́ mi ni ó wà.”

Ó wò mí. “Láti ọjọ́ yẹn, Sístà mi?”

“Láti ọjọ́ yẹn.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fa àga jókòó. Mo rọ tíì fún un. N kò yọ irin náà jáde títí tí mo fi mu tèmi tán.