Bí Mo Ṣe Gbé Àdúrà Táyà Bàbá Mi Lọ sí Súrùlérè

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti bàbá mi dé gáréèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mò ń lọ sí Èkó. Ọkọ̀ ni bàbá wá gbàdúrà fún. Ẹ̀yin ará ilé tí mò ń kọ èyí fún ti mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àlejò tó bá bá wa kà á. Bàbá mi kì í gbàdúrà fún ọkọ̀ lápapọ̀. Táyà ni wọ́n ń gbàdúrà fún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ká apá agbádá sí èjìká, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e, wọ́n á ní, "Ìwọ táyà yìí, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ." Wọ́n á sì pẹ́.

"Bàbá, ẹ dákun," dírẹ́bà bẹ̀ wọ́n, "ẹ jẹ́ kí àwọn méjì ẹ̀yìn ṣe àmín sí ti iwájú, ká máa lọ."

"Tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yìn bá wá bẹ́ ńkọ́?" bàbá dáhùn láì gbójú sókè. "Ṣé ti iwájú lo máa wá fi hàn mí?"

Gbogbo èrò inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú, torí pé irú rẹ̀ gan-an ni mò ń gbé lọ sí Èkó.

Ohun tí mo bá lọ nìyí. Tíṣà ni mí, ṣùgbọ́n nílé wa, bí wọ́n bá ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí ilé ìwé bá fẹ́ gba ìsinmi, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àdúrà táyà bàbá mi sì ni wọ́n máa ń ní kí n ṣe. Bàbá á jókòó ní àga iwájú. Bí mo bá ti ká apá agbádá tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Ojú bàbá ni gbogbo wọn máa kọ́kọ́ wò. Bí bàbá bá ti fi ọwọ́ gbá itan ara wọn báyìí, ariwo ẹ̀rín á sọ. Ẹ̀gbọ́n Láyí, ọmọ ìlú wa tó ń gbé ní Ìwáyà, ti rí mi níbi ìkórè kan. Lójoojúmọ́, ilé ìtẹ̀wé kan ní Yábàá ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán Sátidé, á dá dúró níwájú èrò ní Súrùlérè, láìsí ẹgbẹ́ òṣèré, láìsí orin, á máa fi ẹnu lásán pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá dán an wò. Bí ará Èkó bá rẹ́rìn-ín, kí n fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ kí n wá máa bá òun ṣe é.

Mo ti sọ fún ọ̀gá ilé ìwé wa pé tí mo bá dé, wọn á gbọ́ bóyá mo ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àríkẹ́ ìyàwó mi bi mí pé, "Tí wọn ò bá rẹ́rìn-ín ńkọ́?" Mo ní màá padà wá kọ́mọ níwèé. Ó tún ní, "Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ńkọ́?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ta ni kò ní í rẹ́rìn-ín fún ẹni tó mú pàṣán dání?

Ọgọ́ta kọ́bọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa dé Ìbàdàn. Ṣílè mẹ́fà ni àwọn ìyá inú ọkọ̀ ṣì ń pè é, torí owó náírà kò tíì wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀nà náà tóóró; bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń bọ̀ níwájú, ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ní láti bọ́ sínú eruku. Kí a tó wọ Ọ̀yọ́, a kọjá ibi tí òkè kan ti sọ̀ kalẹ̀. Níbẹ̀ ni táyà ọkọ̀ tí Adéòjó ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ ti bẹ́, tí kò sì délé mọ́. Láti ọdún náà ni bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún táyà. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bojú wo ibòmíràn títí a fi kọjá, bí a ṣe máa ń ṣe.

Ní Ìbàdàn, mo jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ gbígbóná, mo wá wọ ọkọ̀ míì tó ń gba Ṣágámù lọ sí Èkó. Ọkọ̀ yìí kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún un. Mo wò yí ká. Nígbà tí mo rí i pé kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, mo fọwọ́ kan táyà tó sún mọ́ mi. Mo lọ so ti ẹsẹ̀ kejì lápá ọ̀hún. Sálúbàtà ni mo wọ̀.

A gba Ìkòròdú wọ Èkó. Láti Kétu ni ilé ti so mọ́ ilé. Ọkọ̀ tò níwájú wa, wọn ò lọ, wọn ò sì bọ̀. Gosiló ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Jìbówú, mo sì bèèrè ọ̀nà títí mo fi dé Ìwáyà. Níbẹ̀, òórùn ẹja tí wọ́n ń yan létí ọ̀sà ti bá aṣọ mi kí n tó rí ojúlé. Omi tí a ń fà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú kànga nílé, wọ́n ń rà á ní bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ẹ̀gbọ́n Láyí, ó dá mi dúró níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ dé, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Èkó kò gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ fún wa ní ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata tí ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀. Bí a ṣe ń jẹun, mo bi í ní ohun tó ti ń dùn mí láti ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun lè ṣe é?"

"O ò lè mọ̀," ó ní. "Èmi náà ò tíì mọ̀ títí dòní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dúró, ẹnì kan ló rẹ́rìn-ín, òun náà, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ẹ̀ ń sọ sí i létí ló ń rín. Má bẹ̀rẹ̀ nípa sísọ fún wọn pé o fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín o. Tí ọ̀kan ò bá wọlé, má ṣàlàyé ẹ̀, máa lọ. Má kí wọn pẹ́. Àwọn onígìtá tó ń ṣeré níbẹ̀ ló ni ọjà yẹn. Ìgbà tí wọ́n bá ń tún okùn gìtá wọn ṣe ni tiwa. Tí wọ́n bá ti tún un ṣe tán, o finish nìyẹn, kódà kí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹ."

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sátidé, a wọ bọ́ọ̀sì láti Yábàá lọ sí Ojúẹlẹ́gbà, a sì fẹsẹ̀ rìn dé gbọ̀ngàn tí Ẹ̀gbọ́n Láyí ti ń ṣe é ní Súrùlérè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò ló kún ibẹ̀, tọkọtaya, bíà tútù níwájú wọn. Orin dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n Láyí tì mí síwájú.

Mo gbàgbé ohun tó sọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé ni mo ṣe. Mo kí àwọn bàbá, mo kí àwọn ìyá, mo kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, mo kí wọn kú ooru, mo kí wọn kú ìsinmi, mo kí àwọn onígìtá kú iṣẹ́. Mo ti fi ẹnu kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n ń pè ní máíkì, ó sì ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bọ̀dá, ṣé o fẹ́ kí wa títí Mọ́ńdè ni? Abeg, siddon!"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Gìtá kan ti ń dún dáadáa, èkejì ló kù. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ká apá agbádá sí èjìká, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ lé àpótí ọtí kan, mo fi ohùn bàbá mi sọ pé, "Ìwọ táyà yìí, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ."

Gbọ̀ngàn hó fún ẹ̀rín! Ìyá kan fi gèlè nu ojú. Nígbà tí mo dé orí "ṣé ti iwájú lo máa wá fi hàn mí?" wọ́n ń lu tábìlì. Àwọn onígìtá pàápàá dáwọ́ dúró kí wọ́n lè gbọ́. Inú mi dùn, mo fẹ́ fò. Bí mo ṣe ń nàró, mo wo àga iwájú, bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló jókòó síbẹ̀. Ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ará oko yìí mà gọ̀ o! Táyà ló ń bá sọ̀rọ̀!" Kì í ṣe èmi ló ń bú. Bàbá mi ni.

Nígbà tí a jáde, Ẹ̀gbọ́n Láyí gbá mi lẹ́yìn. "Tíṣà, o ti pa wọ́n! O ti di ará Èkó."

A rìn díẹ̀ kó tó wò mí lójú.

"Kí ló ṣe ẹ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Bàbá mi ni wọ́n pè ní gọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Wọn ò mọ bàbá ẹ. Kí ni o sọ fún wọn nípa bàbá? Ṣé o sọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é?"

"Ọ̀rọ̀ ikú ni. Ṣé ibẹ̀ lèèyàn ti máa sọ ìyẹn?"

"Mi ò ní kí o sunkún fún wọn. Ìwọ ńkọ́, ṣé o kì í gbàdúrà fún táyà ní tìẹ?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ okùn bàtà Ìbàdàn fún un. Ó rẹ́rìn-ín débi tó di òpó iná mú.

"Sálúbàtà! Ìyẹn lo fi sílẹ̀? Gbọ́, fi ara ẹ sínú eré náà. Tí wọ́n bá ti rí i pé ìwọ tíṣà náà ń yọ́ ọ ṣe, kò ní sẹ́ni tó máa lè pe bàbá ní gọ̀. Má tíì fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Èmi gan-an ò fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba ìsinmi, máa bọ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni mo padà. Ní gáréèjì, mi ò ṣe bí ẹni ń so bàtà mọ́. Mo ká apá aṣọ, mo gbàdúrà fún táyà ní gbangba, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ kígbe pé ará oko dé, èrò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì ṣe ti ẹ̀yìn tó wà lábẹ́ mi níbí." Mo lọ ṣe é. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lẹ́yìn ìyẹn kò ta mí lára.

Nígbà tí mo délé, Àríkẹ́ ń fẹ́ná, bàbá sì wà lórí àga wọn níta. Mo dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Bàbá bèèrè bóyá wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an, Bàbá. Mo ṣe àdúrà táyà."

Àríkẹ́ dáwọ́ iná fífẹ́ dúró. Mo mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ kejì ló ń dúró dè. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí ọkùnrin iwájú sọ. Mo ní màá lọ sọ fún ọ̀gá pé mo ṣì wà ní kíláàsì mi. Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n má bínú.

Bàbá kò bínú. Wọ́n wo ọ̀nà tí mo gbà wá fún ìgbà díẹ̀.

"Àjàní," wọ́n ní, "ọkọ̀ tí mo gbàdúrà fún yẹn, ṣé o sọ fún wọn pé ó dé?"

Mo ronú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é, nílé àti ní Èkó, mi ò sọ ọ́ rí.

"Mi ò sọ ọ́, Bàbá."

"Tó o bá tún ń lọ, sọ ọ́," bàbá wí. Wọ́n sì fi ọwọ́ gbá itan ara wọn.