Iná Pupa Kan, láti Sùúrùlérè dé Pápá Àjàó

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi gbéra ìrìn àjò mi ní Sùúrùlérè, nítorí fèrè ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Sọjí ti jí mi. Inú ọgbà kan náà la jọ ń gbé. Ẹ̀gbọ́n Sọjí kì í pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ láàárọ̀, fèrè ló máa ń fọn. Tó bá ti fọn ọ́n, Dárà, ọmọbìnrin rẹ̀ tó kéré jù, á sáré jáde, á ṣí ilẹ̀kùn iwájú, á jókòó ti bàbá rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wọ ẹ̀yìn, wọ́n á forí lé ilé ìwé. Àwa yòókù tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀ náà á jí. A kì í ra aago nínú ọgbà wa.

Àwọn kan ń rìnrìn àjò lọ sí ìlú òyìnbó, tí wọ́n bá dé, wọ́n á máa ròyìn òtútù. Èmi ń lọ sí Yábà, bóyá kí n tibẹ̀ kọjá sí Múṣín. Ẹ má fojú di ìrìn àjò mi. Ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó mọ ohun tó ń wá lọ. Iná pupa kan ni mo gbé lọ ní tèmi, mo sì ń wá ẹni tó máa gbà pé iná náà ń sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mo rà. Òyìnbó ti lò ó títí ó fi sú u, kó tó wá di ohun ìdùnnú lọ́wọ́ mi. Iná pupa kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tí kì í kú. Àwòrán ẹnì kan tó jókòó ni, tí nǹkan roboto wà níwájú àyà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ náà dé, Tọ́lá ìyàwó mi, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje báyìí, tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ó jọ èmi."

Tọ́lá kì í fi nǹkan sílẹ̀ láì wádìí. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti mọ̀ pé ẹ́ábáàgì ni iná náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ká ara rẹ̀ pamọ́ sínú sítíárìn àti dáṣíbọ́ọ̀dù, tó máa ń fò jáde láti gba èèyàn láyà bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Tí iná rẹ̀ bá ń tàn ṣáá, àpò náà lè má jáde. Tọ́lá ní, "Ọkọ̀ tó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ò ní lè gbà mí, mi ò wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Ṣé kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ò ń wọ̀ ní ẹ́ábáàgì ni?"

Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ ò purọ́ fún mi pé òun ní."

Láti ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, èmi á sì máa wa ọkọ̀ mi tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí ọlọ́pàá tó ń sin ọlọ́lá. Ó dùn mí gan-an. Mo ti fi gbogbo ara ra ọkọ̀ náà nítorí òun àti ọmọ inú rẹ̀, wọ́n wá jẹ́ ẹni méjì péré ní gbogbo Èkó tí kò fẹ́ wọ̀ ọ́.

Bí mo ṣe ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n Sọjí yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀. Irú ọkọ̀ kan náà la jọ ń wà. "Kúnlé, torí iná lásán lo ṣe ń pààrà kiri? Ẹ̀yin ọmọ ìsinyìí, ẹ̀rù ti ń bà yín jù. Wo tèmi. Látọjọ́ tí mo ti rà á, iná yẹn ò tàn rí, kódà lẹ́ẹ̀kan!" Ó fọwọ́ lu sítíárìn rẹ̀ bí ẹni tó ń yin ẹṣin. Mo ní, "Ọlọ́run ló fẹ́ràn yín." Mo jowú rẹ̀ títí mo fi dé Ojúẹlẹ́gba.

Mo ra búrẹ́dì àti àkàrà lábẹ́ bíríìjì níbẹ̀, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan, mo sì fi ọwọ́ kejì yẹ ihò sílẹ̀. Ọ̀nà náà dára ní ibi tí kò ti bàjẹ́. Nígbà tí mo dé Yábà, mo rí i pé àṣà wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ní Sùúrùlérè, a máa ń kí ara wa ká tó bú ara wa. Ní Yábà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ló kún títì, wọ́n ti ki nǹkan orin bọ etí, kí èèyàn bú wọn títí dọ̀la, àdánù ni.

Ẹ̀yìn Tèjúoṣó ni ẹni tí mo ń wá ti ń ṣiṣẹ́. Réwáyà ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá délẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é ní Ẹnjiníà, kí owó yín lè dínkù. Mo ṣàlàyé ara mi.

"Kò sí wàhálà, ọ̀gá. A máa pa á."

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ pa iná. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún ohun tó jẹ́ kó tàn ṣe."

Ó wò mí bí ẹni tó gbé iyán wá pé kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di iṣu padà. Lẹ́yìn náà ló wá fi sùúrù là mí lóye. Ó ní ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pa á. "Èyí tí ò wọ́n, a máa yọ gílóòbù ẹ̀ dànù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lajú máa mọ̀. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, gbogbo iná yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn ná, kí wọ́n fi hàn yín pé àwọn wà láàyè, kí wọ́n tó wá kú. Èyí tí wọ́n bá ti yọ gílóòbù ẹ̀, kò ní tàn rárá. Ìyẹn ò yẹ yín, ọ̀gá. Tèmi, mo máa so ó mọ́ wáyà míì. Á tàn díẹ̀, á sì kú jẹ́jẹ́. Màdáámù ò ní mọ̀ láéláé."

"Àpò náà ńkọ́?"

"Àpò wo?"

Mo jókòó sórí táyà àlòkù kan, mo ronú. Kí n má purọ́ fún yín, ó wù mí. Mo rí Tọ́lá lọ́kàn mi, ó jókòó níwájú, ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí irọ́ tí mo fowó ara mi rà. Mo ní mi ò ṣe é. Ẹ má rò pé mímọ́ ni mo mọ́ o. Tọ́lá máa bi mí pé, "Kí ni wọ́n ṣe sí i?", bẹ́ẹ̀ èmi ò mọ irọ́ pa tó bá ti tẹjú mọ́ mi. Mo bẹ Ẹnjiníà pé kó má bínú. Ó ní òun ò bínú, àmọ́ mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ìwé àkàjù ló ń da ọ̀gá yìí láàmú.

Ibẹ̀ há púpọ̀. Mo yí sítíárìn dé òpin kí n tó rí ọkọ̀ gbé jáde, nǹkan kan sì dún kà! lábẹ́ rẹ̀. Mi ò kà á sí. Mo kọrí sí Múṣín, nítorí mo ti gbọ́ pé kò sí ohun tí wọn ò lè tún ṣe níbẹ̀.

Ìdí-Òro ni mo ti mọ ohun tó dún. Oníkẹ̀kẹ́ kan ń fi ẹ̀yìn bọ̀ wá bá mi, mo tẹ fèrè, kò dún. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkó mọ̀ pé fèrè la fi ń kí ara wa, òun la fi ń bẹ ara wa, òun náà la fi ń ṣépè. Mo yọrí síta, mo fi ẹnu mi pariwo, "Fíìn! Fíìn!" Oníkẹ̀kẹ́ dúró, ó yà á lẹ́nu.

"Ọ̀gá, họ́ọ̀nù yín ńkọ́?"

"Ó ti kú."

"Ó ti kú, ẹ sì wà lójú títì? Háà! Wọ́n á pa yín o!"

Màmá kan tó ń kọjá lọ gbé ẹrù ilẹ̀ láti dá sí i. Ó ní kí n bẹ̀rù Ọlọ́run, kí n ro ti àwọn tó bí mi. Ẹni mẹ́ta jọ ń tọ́ka ọ̀nà Pápá Àjàó sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní kí n béèrè Àlhájì Múdà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Láti ìgbà tí iná pupa ti ń bẹ̀ mí, kò sẹ́ni tó kẹ́dùn pẹ̀lú mi. Fèrè dákẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, gbogbo Ìdí-Òro di mọ̀lẹ́bí mi.

Mo bá Àlhájì Múdà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn. Àgbàlagbà ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, òróró ẹ́ńjìnnì sì wà létí fìlà rẹ̀. Ó ní kí n wá jẹun. Níbi tí èmi ń gbé, téèyàn bá sọ bẹ́ẹ̀, a máa ń dáhùn pé á gba ibi ire ni, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ní Pápá Àjàó, wọ́n ti gbé ṣíbí lé mi lọ́wọ́ kí n tó la ẹnu. Ẹ̀wà náà dùn, ata rẹ̀ kò mọ àlejò.

Mo kọ́kọ́ sọ ti iná pupa fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ́ábáàgì? Ọmọ mi, òyìnbó tí kì í gbàdúrà kó tó jáde ló nílò àpò. Ṣé ìwọ kì í gbàdúrà ni?"

Mo ní mò ń gbàdúrà, ìyàwó mi sì ń gbà á jù mí lọ. Mo wá fi kún un pé, "Họ́ọ̀nù ẹ̀ náà ò dún mọ́, Àlhájì."

Ṣíbí dúró lọ́nà ẹnu rẹ̀. Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó dìde.

"O wa ọkọ̀ tí ò ní họ́ọ̀nù wá síbí láti Yábà? Ṣó o fẹ́ kú ni? Ṣó ò níyàwó nílé ni?"

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Àlhájì tú wáyà bátìrì, ó ní ká dúró ná, ká má fọwọ́ kan sítíárìn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní àpò inú rẹ̀ lè bú gbàù, ó lè fọ́ni lójú.

"Àpò tẹ́ ẹ ní a ò nílò?"

"A ò nílò ẹ̀," ló wí, "ṣùgbọ́n a máa ń bẹ̀rù ẹ̀."

A padà sídìí ẹ̀wà. Nígbà tí a jẹun tán, ó tú sítíárìn. Àpò náà wà níbẹ̀, ó ká jọ tónítóní, kì í ṣe àkísà tí àwọn ẹlẹ́tàn máa ń ki síbẹ̀ dípò rẹ̀. Mo yára ya fọ́tò rẹ̀ fún Tọ́lá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àlhájì ti fa ike roboto kan jáde, tí wáyà pẹlẹbẹ ká sínú rẹ̀ bí tẹ́ẹ̀pù aránṣọ. Wáyà náà ti já. Ó pè é ní kílọ́ọ̀kì-sípírín. Ó ní òun ló ń so sítíárìn mọ́ ọkọ̀: ibẹ̀ ni iṣẹ́ fèrè ń gbà, ibẹ̀ náà ni ti àpò afẹ́fẹ́ ń gbà. Ó hàn pé ti àpò ló kọ́kọ́ já, tí iná fi ń ké, tí Ẹnjiníà sì fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ti fèrè ló wá já ní Yábà.

Wọ́n bá mi rí bẹ́líjíọ̀mù rẹ̀ rà nítòsí. Bẹ́líjíọ̀mù ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, ì báà jẹ́ Japáànù ló ti wá. Mo ná an dé ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà, ó rẹ̀ mí, mo sanwó. Àlhájì tò ó padà, ó so bátìrì, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́.

Iná pupa náà tàn. Ó kú fúnra rẹ̀.

Àlhájì na ọwọ́ kọjá mi, ó tẹ fèrè. Píìn! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó yéè, wọ́n ní alihamudulilahi. Èmi nìkan ló ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Àlhájì rí i, ó fọwọ́ lù mí léjìká. "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Ṣó o rí i, ó ti dún."

Mo gba ọ̀nà Ìtìrẹ̀ padà sílé, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Tọ́lá láì yọ ìkankan sílẹ̀, títí kan ti Ẹnjiníà àti oríṣi irọ́ méjèèjì tó ń tà. Ó wo fọ́tò náà dáadáa. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó jọ ọ́ náà tàn, ó sì kú. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí ìjókòó iwájú, ó ti àga sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, "Ọ̀la ni mo ń lọ sílé ìwòsàn. Ṣó o máa gbé mi?"

Ẹ̀gbọ́n Sọjí ti jáde wá wo ìran. "Ẹ kú ìnáwó o! Tèmi tí ò tàn rí ńkọ́? Kọ́bọ̀, mi ò ná an!"

Mo wo Tọ́lá. Tọ́lá wò mí. Òun ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí kọ́kọ́rọ́ tiyín."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń yí i. Iná òróró tàn. Iná bátìrì tàn. Iná búréèkì tàn. Ẹni tó jókòó náà kò sí níbẹ̀. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un bí Ẹnjiníà ṣe sọ ọ́ fún mi, pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kó tó rà á. Ó tún yí kọ́kọ́rọ́, ó tún yí i, ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀.

"Níbo lo sọ pé Àlhájì yẹn wà?"

"Pápá Àjàó. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ti àpò fún un o. Ẹ sọ pé họ́ọ̀nù yín ò dún."

"Họ́ọ̀nù mi ń dún," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kí n lè gbọ́. Ó dún ketekete.

Ẹsẹ̀ kékeré ń sáré bọ̀ látinú ilé. Dárà ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ní, "Dádì, níbo là ń lọ?"

Ẹ̀gbọ́n Sọjí kàn ń wo ibi tí iná náà ò ti tàn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dárà, lọ jókòó sẹ́yìn."