Èésú Tó Mú Darlene Délé

Bí ẹ bá dé Ajijic, ìlú kan létí adágún Chapala ní Mẹ́síkò, ẹ béèrè Darlene Pruitt, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe búrẹ́dì. Ọmọdé ibẹ̀ gan-an á mú yín lọ. Obìnrin tí kì í tọrọ ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú tí owó ìsìnkú kò pé, mọ́tò rẹ̀ ló tà, kò sọ fún ẹnì kankan.

Àṣìṣe kan ló ṣe, irú èyí tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó wà lókèèrè máa ń ṣe. Ó ń san owó orí fún ìjọba Mẹ́síkò déédéé, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àṣé ibi yòówù kí ọmọ Amẹ́ríkà wọ̀ sí, owó orí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ilé tó ti tà ní Ohio ni wọ́n ń kọ lẹ́tà gbèsè owó orí náà sí, kò sì rí ọ̀kankan. Ìgbà tó fẹ́ lọ síbi ayẹyẹ àádọ́rùn-ún ọdún ìyá rẹ̀ ni wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti fagi lé ìwé ìrìnnà rẹ̀, àfi tó bá ṣe àdéhùn láti máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, kó sì fi owó gidi bẹ̀rẹ̀.

Ojú tì í, inú bí i. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ṣùgbọ́n Doña Chayo, olórí èésú tí Darlene àti àwọn obìnrin àdúgbò mẹ́jọ jọ ń dá, kì í kanlẹ̀kùn. Ó ti gbọ́, ó sì wọlé tọ̀ ọ́.

"Darlene, ìwọ lo máa kó èésú lọ́sẹ̀ yìí."

"Ìgbẹ̀yìn ni tèmi. Ṣé ẹ fẹ́ máa ṣàánú mi ni?"

"Àánú kẹ̀! Ta ló ń ṣàánú olórí kunkun? Tèmi ló kàn, mo fi fún ọ, màá kó tìrẹ. Tó o bá sì pa dídá jẹ lọ́sẹ̀ kan péré, ààrò búrẹ́dì ẹ ni màá wá gbé."

Darlene bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó san owó náà, wọ́n gba àdéhùn rẹ̀, ìwé ìrìnnà tuntun sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ ayẹyẹ pé.

Ní Ohio, ìyá rẹ̀ di ọ̀bẹ mú níwájú kéèkì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e títí Darlene fi wọlé.

"Wọ́n ní o jẹ gbèsè ìjọba."

"Mo jẹ ẹ́, Mọ́mì, mo sì ń san án. Ṣùgbọ́n mo tún jẹ àwọn obìnrin mẹ́jọ kan lówó èésú. Àwọn yẹn ni mi ò gbọdọ̀ dójú tì."

Ìyá àgbà wò ó, orí rẹ̀ wú. Ó gé kéèkì náà, ó wé ègé mẹ́jọ pamọ́, kó tó bu tirẹ̀.