Ọjọ́ Tí Bàbá Ràúfù Fọ́ Ìka Mi

Ọjọ́ tí Bàbá Ràúfù fọ́ ìka mi ní Àgọ́-Àmódù ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Ọlidé ni mo wá lò nílé láti ilé-ìwé àwọn afọ́jú. Wọ́n ti fún mi ní irin ṣóńṣó tí a fi ń gún lẹ́tà sára bébà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ràúfù, ọmọ aládùúgbò wa, ti wà lórí àìsàn láti ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń kọ̀wé lábẹ́ igi máńgòrò, mo sì ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń gún un. Ibi tí mo ti pe "Ràúfù" ni baba rẹ̀ bá mi.

"Orúkọ ọmọ mi lo ń fi irin gún? Ìwọ lo wà nídìí àìsàn rẹ̀."

"Bàbá, ìwé ni mò ń kọ."

Kùmọ̀ ti bà lé mi lẹ́yìn. Ó ta mí nípàá lẹ́nu, eyín mi kán. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé orí ọlọ, ó sì fi kùmọ̀ lù ú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe kán kí ìrora tó dé.

Ìyá mi sáré jáde, ó fi bébà náà sábẹ́ ọwọ́ òsì mi. "Kà á sí i létí."

Mo fi ìka tọ́ àwọn lẹ́tà tí mo gún náà, mo kà á tòun ti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu: "Ràúfù ló máa ń mú mi lọ sódò. Ara rẹ̀ kò yá. Ọlọ́run, wò ó sàn."

Kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ara Ràúfù yá. Ìka mi méjì kò nà mọ́ títí dòní. Baba rẹ̀ bẹ̀ mí títí ó fi kú, èmi náà sì máa ń dá a lóhùn pé mo ti gbọ́. N kò sọ fún un rí pé mo ti dárí jì í.