Ìgbà Wo Lo Máa Wọ̀ Ọ́?

Òórùn káńfọ̀ ló ń jáde lára gáùn náà nígbà tí mo fà á yọ lábẹ́ òkìtì òkìrìkà ní Mazamaza. Aláwọ̀ ìyeyè ni, kò lápá, òdòdó ńláńlá sì wà lára rẹ̀. Obìnrin tó ń tà á ní gáùn ìgbà oòrùn àwọn òyìnbó ni, pé oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ lọ́dún. Mo rò ó pé ní Alákijà tí èmi ń gbé, níbi tí oòrùn kì í ti í gba ìsinmi, màá jẹ èrè rẹ̀ jù wọ́n lọ. Obìnrin méjì mìíràn ń dù ú, àmọ́ ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ bà á.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Akọ̀wé kékeré ni ọkọ mi nílé iṣẹ́ ìjọba, ó sì ti kọ fọ́ọ̀mù ìbò tí ìjọba fi ń pín ilé Festac bíi gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Yàrá kan la háyà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ Festac tí wọ́n sì ti da ọ̀dà sí títì, àwọn tó ní mọ́tò ti ń wá yàrá dé ọ̀dọ̀ wa, ojú bàbá onílé sì ti là. Ó ní kí ẹni tó ń fi igi dáná kó jáde. Ó ní kí ẹni tó ń sin adìẹ kó jáde. Àwa kò ní adìẹ, sítóòfù la sì ń lò, síbẹ̀ àràárọ̀ ni mò ń wo ojú bàbá bí ẹni tó sá aṣọ síta ṣe ń wo ojú ọ̀run.

Ìdí tí mo fi ra gáùn náà nìyẹn: mo fẹ́ jọ ìyàwó ọ̀gá. Ìdí náà ni n kò sì fi lè dárúkọ òkìrìkà nínú ilé. Nígbà tí alájọgbé wa kan bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo kàn ní, "Ohun tí mo ti ń wá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́." Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ kí n tó wọlé tán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bàbá onílé pè mí síwájú ilé.

"Ìyàwó, wọ́n ní ó ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́."

Mo kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èèyàn pọ̀ tó ń dù ú."

"Mo mọ̀. Ṣé ó gbà ẹ́ ṣá?"

"Ó gbà mí dáadáa. Àyè tiẹ̀ ṣì ṣẹ́kù lẹ́yìn."

"Lẹ́yìn? Ìjọba gbìyànjú."

N kò mọ ohun tó kan ìjọba nínú gáùn, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá já bàbá onílé nírọ́.

"Ìgbà wo lo máa wọ̀ ọ́?"

"Sọ́ńdè yìí, Bàbá."

"Kíá báyẹn? Ó dáa. O kú oríire."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń rọra rìn kí gbogbo àdúgbò lè rí mi. A bá bẹ́ẹ̀dì lẹ́nu ọ̀nà wa. Akọ̀wé báǹkì kan sì wà níbẹ̀, ó ń fi téèpù wọn fèrèsé wa.

Bàbá onílé ní, "Ṣé mọ́tò tó máa kó ẹrù yín ò tíì dé ni?"

"Ẹrù wo, Bàbá?"

"Ẹrù Festac. Ṣebí o ní òní lo máa wọ̀ ọ́."

Mo wo ara mi. "Bàbá, mo ti wọ̀ ọ́."

"Kí lo wọ̀?"

Mo ní, "Òkìrìkà ni, Bàbá. Mazamaza ni mo ti rà á."

Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì olóbẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Akọ̀wé báǹkì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti kó kúrò níbi tó ń gbé. Bàbá wò ó, ó wò wá, ó wá ní, "Ìwọ náà lo ṣáà sọ pé àyè ṣì ṣẹ́kù lẹ́yìn. Àyè wà níbẹ̀ lóòótọ́."

Yàrá ẹ̀yìnkùlé tí Bàbá ń kó sìmẹ́ǹtì sí ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ọdún méjì la lò níbẹ̀.

Ìbò Festac kò mú wa títí ọkọ mi fi fẹ̀yìn tì, ilé mẹ́rin la sì tún háyà lẹ́yìn ìyẹn. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá kí mi kú oríire, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ti kí ni. Gáùn náà, ọjọ́ kejì tí a kó dé ẹ̀yìn ni mo tú u, tí mo fi ṣe kọ́tìnnì. Ó bá fèrèsé ibẹ̀ mu gẹ́lẹ́, àyè kankan kò ṣẹ́kù. Láàárọ̀, bí oòrùn bá gbà á kọjá, gbogbo yàrá sìmẹ́ǹtì náà a máa pọ́n bí ìyeyè.