Omi Lẹ́nu Ọ̀nà Iwájú

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí ọmọ mi obìnrin gbé tábìlì ìyàwòrán rẹ̀ wọ yàrá iwájú ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, yàrá yẹn ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. A kó àwọn bẹ́ǹṣì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a kun ògiri ní ọ̀dà funfun, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò jẹ́ kí a yọ pátákó ìkọ̀wé kúrò. Ó ní òun á máa fi ṣàlàyé iṣẹ́ fún àwọn oníbàárà. Inú mi dùn sí ìyẹn.

Akitẹ́ẹ̀tì ni. Ó sì tún kọ́ bí a ṣe ń ṣètò inú ilé: ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wọlé, ibi tí àga yóò wà, ohun tí ó yẹ kí a tẹ́ sílẹ̀ àti èyí tí kò yẹ. Ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ẹlòmíràn ní Erékùṣù Èkó fún ọdún mélòó kan kí ó tó pinnu pé àwa ará Alímọ̀ṣọ́ náà yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ronú jinlẹ̀ kọ́lé fún.

Èrò rere ni, ṣùgbọ́n èrò rere nìkan kì í pe oníbàárà wọlé. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá fẹ́ kí ó bá wọn yan àwọ̀ kọ́tìnnì ni. Àwọn mìíràn á kàn na fóònù sí i pé, "Irú èyí gan-an ni mo fẹ́." Bí a bá sì jọ dé sáìtì, èmi tí mo kàn sìn ín lọ ni àwọn bíríkìlà ń kí.

"Akitẹ́ẹ̀tì àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ẹ ṣeun. Ọmọ mi ni akitẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ ni èmi."

Wọ́n á wo ọmọ náà tòkè-tilẹ̀, wọ́n á tún yíjú sí mi. "Ẹ̀yin náà lẹ sá kọ́ ọ, mà. Níbo ni ká da yanrìn sí?"

Ìgbà tó ṣe, ilé-iṣẹ́ kan ní Àbújá ké sí i pé kí ó wá bá àwọn ṣiṣẹ́, kí ó sì fèsì kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Alàgbà wọlé tọ̀ wá wá.

Alàgbà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nínú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ àti ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta táyà lójú ọ̀nà Ìpájà. Ó ń kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀. Ó ti kan òrùlé, ó ku iwájú ilé àti gbogbo inú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì. Odindi iṣẹ́ ni, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ mi ti dá dúró.

Alàgbà náà fi fọ́tò kan hàn wá: òpó ńlá mẹ́rin, àtẹ̀gùn gíga, táìsì tó ń dán débi pé ìkùukùu ojú ọ̀run hàn nínú rẹ̀.

"Bó ṣe wà yìí," ó ní. "Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò."

"Mo ti gbọ́, sà," ni ọmọ mi wí. "Ṣùgbọ́n kí n tó fa ìlà kankan, mo fẹ́ wá kí yín nílé tí ẹ ń gbé báyìí, lọ́jọ́ tí gbogbo yín bá wà pa pọ̀."

"Ilé tí mò ń gbé? Ilé onílé ni o! Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ wò, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ ó bá wa jẹun."

Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi gbójú sókè. "Mọ́mì, bí iṣẹ́ yìí bá yọrí sí rere, mi ò lọ sí Àbújá. Bó bá bọ́, màá lọ. Ó ti tán nìyẹn." Mo kàn gbé ife tí Alàgbà fi mu omi kúrò lórí tábìlì.

Mo bá a wí díẹ̀ pé ọjọ́ ìsinmi kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mi ò mú rúlà dání." Nítorí náà, nígbà tí mo jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tèmi, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Bárúwà, níbi tí Alàgbà ń gbé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, gbogbo ojú ọ̀nà ti di ẹrẹ̀ pupa. Ẹnu géètì la wà tí a fi rí wọn tí wọ́n ń bọ̀: Alàgbà, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn, àti ìyá rẹ̀ tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Gbogbo wọn wọ sùtánà funfun, kò sì sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nínú ìjọ tiwọn, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Wọ́n ká etí aṣọ sókè kó má bàa tọ́ ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ti pọ́n dé kókósẹ̀.

Wọ́n kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn iwájú láìwò ó. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n tọ̀ lọ sẹ́yìn, níbi tí kànga wà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fa omi, ìyá àgbà jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ìyàwó Alàgbà sì fọ ẹsẹ̀ fún un. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa náà tẹ̀lé wọn. Nígbà tí a dé pálọ̀, mo rí i pé wọ́n ti fi àga ńlá dí ilẹ̀kùn iwájú pa.

"Màmá," ni ọmọ mi bi ìyá àgbà, "ẹ kì í gba iwájú wọlé rárá ni?"

"Iwájú kẹ̀? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo? Ọmọ mi, omi ò sí níwájú. Ibi tí omi bá wà la máa ń gbà wọlé."

"Ṣé wọ́n ti fi fọ́tò ilé tuntun hàn yín?"

"Wọ́n fi hàn mí. Ilé yẹn ń dán bí orí apárí! Ọjọ́ tí mo bá fi ẹsẹ̀ tútù gun àtẹ̀gùn yẹn, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ́dá ló máa kọ́kọ́ gbọ́ igbe mi."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jẹ́ n kọ́lé mi jàre!" ni Alàgbà wí, ó sì bu ẹran sí abọ́ ìyá rẹ̀.

Ọmọ mi lọ wọn ilé Ayọ̀bọ̀, ó sì fi ọ̀sẹ̀ yẹn yàwòrán. Ó yọ àwọn òpó kúrò, ó sọ àtẹ̀gùn gíga di ọ̀nà tó rọra dà gẹ̀rẹ́, ó sì ya fàrándà gbòòrò kan tí pèpéle ìjókòó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi méjì àti gọ́tà tí omi ìdọ̀tí yóò gbà lọ. Táìsì tí kì í yọ̀ ló fẹ́ kí wọ́n fi tẹ́ ibẹ̀. Lójú mi, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni.

Alàgbà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló jọ wá wò ó. Ó dorí kodò sórí ìwé náà títí.

"Òpó mi dà?"

"Mo yọ wọ́n, sà. Wọn kò wúlò fún—"

"Kí wá nìyí?"

"Ibi tí ẹ ó ti máa fọ ẹsẹ̀."

"Níwájú ilé mi? Ṣé mọ́ṣáláṣí ni mo ní kí o bá mi kọ́ ni?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ha! Alàgbà ti di Ààfáà! Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Jímọ̀!"

Ọ̀rẹ́ náà nìkan ló rẹ́rìn-ín. Alàgbà dìde. "Ọmọ mi, o mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣe ohun tí mo ní kó ṣe ni mò ń wá." Wọ́n sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn àwòrán rẹ̀, ó ń fi rọ́bà dì wọ́n. Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ń gbá yàrá iwájú láràárọ̀ bí ẹni pé oníbàárà ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ mi lọ wọn ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìgàndò, Alàgbà dá nìkan wá. Ó fẹ́ gba ìwé tí ọmọ mi kọ ìwọ̀n ilé náà sí, kó lè gbé e fún ayàwòrán mìíràn. Mo ní kó jókòó, mo gbé omi fún un. Bí ọmọ iléèwé bá tẹnu mọ́ ìdáhùn kan tí a rò pé kò tọ̀nà, ó dára kí a bi í bó ṣe dé ibẹ̀ kí a tó fa ìlà pupa sí i. Mo ní, "Alàgbà, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ iwájú ilé yìí fi jẹ yín lógún tó báyìí?"

Ó ń yí ife náà ká lọ́wọ́.

"Màmá Tíṣà, kí n tó dé Bárúwà, ó lé lógún ọdún tí mo fi gbé ilé kan n'Íkọ̀tún. Lánlọ́ọ̀dù wa ò jẹ́ kí ayálégbé gba iwájú. Ẹ̀yìn là ń gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Ọjọ́ tí mo gbéyàwó, ẹ̀yìn náà ni mo mú un gbà wọlé, tòun taṣọ ìgbéyàwó lọ́rùn. Ó ní kò burú. Ó burú, mà. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé lọ́jọ́ tí mo bá kọ́ tèmi, iwájú ni gbogbo wa ó máa gbà."

"Ṣé ẹ ti sọ èyí fún ọmọ mi?"

"Kò bi mí."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa di ọjọ́ Ajé. Ó gbà, ó ní nítorí ewú orí mi ni.

Nígbà tí ọmọ mi dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì fi kún un pé, "O bi ìyá ní ibi tó ń gbà wọlé, o ṣeun. Ó yẹ kí o bi ọmọ náà ní ìdí tó fi fẹ́ òpó." Ó jókòó síwájú pátákó. Ó ní, "Mọ́mì, wọn ò ní gba iwájú yẹn láéláé. Bí omi bá ti wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn ni wọn ó tún máa gbà, pẹ̀lú òpó mẹ́rin níwájú." Ó wá fa ṣọ́ọ̀kì yọ.

Ní ọjọ́ Ajé, kò kọ́kọ́ fi àwòrán han Alàgbà. Ó ní, "Sà, ẹ forí jì mí. Mo yọ òpó yín láìbi yín léèrè. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́ ọ bó ṣe wà nínú fọ́tò, ẹ̀yìn lẹ ó máa gbà wọlé, torí ẹ̀yìn náà ni kànga wà ní Ayọ̀bọ̀. Ohun tí lánlọ́ọ̀dù Ìkọ̀tún fi ipá ṣe fún yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé omi wá síwájú."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ́ ìwé náà. Òpó méjì ti padà, àwọn ló gbé òrùlé fàrándà dúró. Pèpéle àti ẹ̀rọ omi wà láàárín wọn. Ilẹ̀kùn ìrókò aláwẹ́ méjì ni yóò wà níbẹ̀, táìsì tí kì í yọ̀ níta, táìsì tó ń dán nínú pálọ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ti gbẹ.

Alàgbà gbé ọwọ́ lé àwòrán náà, kò sì tètè gbé e kúrò.

"Òpó méjì péré?"

"Méjì, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ga."

"Báwo ni wọ́n ṣe ga tó?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ mi kò ní lọ sí Àbújá. Ó kọ̀wé ìdúpẹ́ sí wọn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Wọ́n ṣí ilé náà ní ọjọ́ Àìkú kan nígbà òjò. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń bọ̀, nínú ẹrẹ̀ Ayọ̀bọ̀ tí kò yọ ibì kankan sílẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sórí pèpéle, wọ́n ṣí omi sí i lẹ́sẹ̀. Ó di òpó mú, ó dìde. "Òpó yìí kúkú wúlò," ó ní. "Mo ti rí nǹkan gbá mú." Alàgbà wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí ìyàwó òun ṣíwájú. Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì wọlé. Nígbà náà ni Alàgbà bojú wẹ̀yìn, ó pe, "Akitẹ́ẹ̀tì!" Èmi kọ́ ló ń wò.

Ilé tó pọ̀ ni ọmọ mi ti ṣe láti ìgbà náà, ní Ìkọ̀tún, Ìgàndò àti Ẹ̀gbẹ́dá níbí. Àwọn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́ nínú yàrá iwájú mi báyìí. Kì í fa ìlà kankan títí yóò fi lọ kí àwọn onílé níbi tí wọ́n ń gbé, kí ó wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, kí ó sì bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alàgbà tó padà wá, àti lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tí kò fi òtítọ́ pamọ́ fún àlejò.

Ẹ̀yin tí ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé òpin, mo bẹ̀ yín, ẹ mú un lò, yálà ilé lẹ fẹ́ kọ́ fún ara yín tàbí fún ẹlòmíràn. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ará ilé ń gbà lójoojúmọ́. Bí ẹnìkan bá sì tẹnu mọ́ ohun tí ẹ kò rí ìwúlò rẹ̀, ẹ má tètè yọ ọ́ kúrò. Ẹ fún un ní omi, kí ẹ sì bi í.