Páìpù Tó Ń Fò Níbi Iṣẹ́ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Ikpoba Hill nílẹ̀ Ẹdó, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá mi lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé ọ́fíìsì ló wà o. Níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ funfun lẹ́yìn ìlú ni. Òun ló ń tọ́jú pọ́ǹpù tó ń ti ẹrẹ̀ amọ̀ náà gba inú páìpù lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ.

Ẹrẹ̀ ọ̀hún ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Písítìnì méjì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú pọ́ǹpù, ló ń tì í. Bí ọ̀kan bá ti tì í tán, ẹrẹ̀ á dúró díẹ̀ kí èkejì tó gbá a, páìpù á sì fò sókè bí ẹni tó ń ṣe òsúkè. Láti òkèèrè ni mo ti máa ń gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì. Kò ní pẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ á là.

Wẹ́dà kan, ọmọ Ẹdó, ló máa ń jó o padà. Ó máa ń sọ fún bàbá mi pé, "Oga, dis pipe go wound person one day." Bàbá mi náà mọ̀. Ó ti ní kí wọ́n gbé agbá irin kan tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ lé orí páìpù, kí afẹ́fẹ́ náà lè máa gba ìjà ẹrẹ̀ náà mọ́ra. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló ṣiṣẹ́. Ẹrẹ̀ ń gbé afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, títí agbá fi kún fún amọ̀.

Lọ́jọ́ kan, páìpù já. Ó gbá wẹ́dà yìí lẹ́sẹ̀, egungun itan rẹ̀ kán. Máníjà ibi iṣẹ́ náà ní bàbá mi ló ń fi pọ́ǹpù sáré jù, pé tó bá tún já, kó máa lọ sílé. Bàbá mi dín eré pọ́ǹpù kù, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́.

Oṣù mélòó kan kọjá kó tó rí ọgbọ́n rẹ̀: kí ẹrẹ̀ àti afẹ́fẹ́ má fara kanra. Ó ra túùbù táyà lọ́rì, kí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹrẹ̀ wà níta rẹ̀, kí agbá yí méjèèjì ká. Ó ku ẹni tí yóò tún agbá náà jó. Èmi àti òun la jọ lọ sílé wẹ́dà yìí ní Ekenwan Road. Ọ̀pá ló fi ń rìn nígbà náà.

Ìyàwó rẹ̀ ò ní ká jókòó. "One leg never do una?" ló bi bàbá mi.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún un. N ò rí i kó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tó kéré sí i rí.

Wẹ́dà gba túùbù náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "E no go burst?"

"Na di iron go hold am," ni bàbá mi wí.

Wẹ́dà wo ìyàwó rẹ̀. "If I no weld am, who go weld am?"

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, orí àga ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń jó irin. Nígbà tí wọ́n tan pọ́ǹpù, páìpù tún ń fò. Bàbá mi ní afẹ́fẹ́ inú túùbù ló pọ̀ jù, pé ó ti le bí irin. Ó ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀, gbì gbì náà sì ń rọlẹ̀, títí ó fi di ìró jẹ́jẹ́. Wẹ́dà fi ọ̀pá rìn lọ síbẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé páìpù.

"E don sleep," ló wí.

Máníjà dé, ó béèrè bóyá ẹrẹ̀ ṣì ń dé ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ó ń dé. Ó bá tirẹ̀ lọ, kò tọrọ àforíjì. Bàbá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wẹ́dà tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ilé ti bo ibẹ̀ báyìí. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní yunifásítì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún mi pé wọ́n ti ń ṣe irú agbá onírọ́bà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tà, pé bí nǹkan bá ti ń bàjẹ́, pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ á pariwo, á sì dúró. Inú mi dùn sí i. Láyé tiwa, ẹnu òṣìṣẹ́ ni aago ìkìlọ̀, àwọn ọ̀gá kì í sì í sábà gbọ́ ọ.